Bí a ṣe ń dá àtúnṣe ilé modernist tó yẹ fún àmì ẹ̀yẹ mọ̀

Nígbà tí wọ́n bá fi yín sínú ìgbìmọ̀ tí yóò fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn tó tún ilé modernist (irú ilé ìgbàlódé tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún ogún) ṣe lọ́lá, fọ́tò ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọn yóò tẹ́ síwájú yín. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń wà: ọ̀kan láti ìgbà tí ilé náà ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, èkejì láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, tí ògiri funfun bí ẹfun, tí oòrùn ń ta sí gíláàsì. Ẹ dojú àwọn fọ́tò náà dé ná. Wọn kò lè sọ iye fèrèsé àtilẹ̀bá tí wọ́n kó dànù fún yín. Wọn kò lè sọ bóyá kọnkéré tuntun tí wọ́n fi lẹ ògiri yóò ṣí kúrò kó tó pé ọdún mẹ́ta, tàbí bóyá òrùlé ṣì ń jò.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdájọ́ náà bó ṣe yẹ, àti fún ẹni tó fẹ́ fa iṣẹ́ kan kalẹ̀ kí ayé lè mọyì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, nítorí àmì ẹ̀yẹ tí a bá gbé fún àtúnṣe tí kò dára kì í parí síbi ayẹyẹ. Ẹlòmíràn tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ á wò ó, á sì tún tirẹ̀ ṣe bákan náà.

Àwọn ilé tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n kọ́ láti nǹkan bí ọdún 1920 títí wọ àwọn ọdún 1970: kọnkéré, irin tínrín, gíláàsì fífẹ̀, òrùlé pẹrẹsẹ, ara tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ohun tó ń kó bá wọn ni pé wọn kò tíì dàgbà tó lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé tó bá ti pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n máa ń wò ó. Èyí tó jẹ́ àádọ́ta ọdún, wọ́n á ní ó ti gbó, kó máa lọ. Hall of Nations ní Delhi, tí Raj Rewal yàwòrán rẹ̀, tí Mahendra Raj sì jẹ́ ẹnjiníà rẹ̀, ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Nakagin Capsule Tower tí Kisho Kurokawa kọ́ sí Tokyo, ọdún 1972 yẹn kan náà ni tirẹ̀. Wọ́n tú u palẹ̀ ní 2022. Ẹni tó bá wá rí irú ilé bẹ́ẹ̀ gbà sílẹ̀, tó sì tún un ṣe láì ba ìwà rẹ̀ jẹ́, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yọ òkìkí ilé kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà

Ọwọ́ tó tún ilé ṣe lẹ fẹ́ dá lọ́lá. Bí ẹnì kan bá gbé ilé Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé yẹn, wá, ojú àwọn adájọ́ á ti tàn kó tó di pé wọ́n ṣí fáìlì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí World Monuments Fund, àjọ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, àti Knoll, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àga, ṣe ṣe tiwọn. Wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán ilé tó bá tún ilé modernist ṣe. Dọ́là 10,000 àti àga Barcelona tí ayàwòrán ilé Mies van der Rohe ṣe ló ń bá a rìn. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́, ní 2008, lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ayàwòrán Brenne Gesellschaft von Architekten fún ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ADGB ní Bernau, Jámánì, tí Hannes Meyer àti Hans Wittwer kọ́ láàárín 1928 sí 1930. Ilé náà kọjá lọ́wọ́ ìjọba Násì, ó kọjá lọ́wọ́ Ìlà-Oòrùn Jámánì, oníkálukú ń fi tirẹ̀ kún un, títí ojúlówó rẹ̀ fi sin sábẹ́ àfikún. Iṣẹ́ tí Brenne ṣe ni pé wọ́n wá ojúlówó náà jáde. Ní 2012, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Hizuchi ní Japan ló gba ẹ̀bùn náà. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ láàárín 1956 sí 1958, òṣìṣẹ́ ìlú Yawatahama sì ni Masatsune Matsumura tó yàwòrán rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ilé káàkiri ayé kò mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ti Le Corbusier, síbẹ̀ ẹ̀bùn dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fọkàn tán. Kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tí àwọn olùtúnṣe ṣe, láì dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ yàwòrán ilé náà. Bí ó bá ṣòro láti kọ, iṣẹ́ náà kò tíì yé yín, tàbí kò tíì sí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tí ilé náà wá ṣe láyé

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ kọ nǹkan bí ojú ìwé kan lórí ìdí tí ilé náà fi rí bó ṣe rí. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí, èrò ló ṣáájú. Bíríkì àti kọnkéré ló tẹ̀ lé e. Bí èrò yẹn kò bá yé yín, ẹ ó kàn máa ka ìlà ọ̀dà lára ògiri ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ibi ìkàwé Viipuri, tí ayàwòrán ilé Alvar Aalto parí ní 1935 ní ìlú tó jẹ́ ti Finland nígbà náà, tó wà nínú Rọ́ṣíà báyìí, tí wọ́n ń pè ní Vyborg. Aalto da ihò yíyípo 57 sí òrùlé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń yá ìwé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wá láti apá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí òjìji má bàa ṣú bo ojú ìwé. Ó fi pákó ṣe àjà gbọ̀ngàn ìpàdé, ó sì mú un rí bí ìgbì omi, kí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè dé etí gbogbo èèyàn. Ogun kọjá, ìlú yí ọwọ́ padà, wọ́n pa ilé náà tì fún bí ọdún mẹ́wàá. Àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 kò parí títí di 2013. Adájọ́ tó bá mọ ìtàn yìí á mú ìwé kan, á jókòó sábẹ́ àwọn ihò yẹn ní ọ̀sán, á na ọwọ́ rẹ̀ sókè ojú ìwé, á wo bí òjìji ṣe rí. Á lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé, á ní kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní iwájú, òun á sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìdánwò tó bá ilé yẹn mu nìyẹn.

Ti Zonnestraal, ilé ìtọ́jú aláìsàn ní Hilversum, ilẹ̀ Netherlands, tún le ju èyí lọ. Jan Duiker àti Bernard Bijvoet yàwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè máa bá wọn gbé. Wọ́n gbà pé ikọ́ ẹ̀gbẹ yóò kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà wọ́n kọ́ ilé náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò tán. Báwo lèèyàn ṣe ń tọ́jú ilé tí àwọn tó kọ́ ọ kò fẹ́ kó pẹ́? Bí wọ́n bá mú un nípọn kó lè pẹ́, wọ́n ti pa á. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á wó. Àwọn ayàwòrán tó tún un ṣe, Bierman Henket àti Wessel de Jonge, rìn láàárín méjèèjì, wọ́n jẹ́ kí irin fèrèsé ṣì tínrín, kí ilé ṣì fúyẹ́ lójú, ẹ̀bùn Knoll ti 2010 sì tọ́ sí wọn. Ẹ máa wá irú ìṣòro yìí nínú iṣẹ́ tí ẹ bá ń wò. Ibi tí ìpinnu bá ti le jù ni ọgbọ́n olùtúnṣe ti ń hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ béèrè ìwé tó ṣáájú iṣẹ́

Àtúnṣe rere máa ń ní ìwé tó pọ̀ ju kọnkéré rẹ̀ lọ: àwòrán àtilẹ̀bá, fọ́tò àtijọ́, àbájáde ìdánwò, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tú ògiri. Getty Foundation, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń fi owó ṣètìlẹ́yìn fún iṣẹ́ ọnà, rí èyí tẹ́lẹ̀. Owó tí wọ́n ná lórí ètò Keeping It Modern láàárín 2014 sí 2020, orí ìwádìí àti ètò ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Ìwé Madrid tí ICOMOS, àjọ àgbáyé fún ìtọ́jú ilé àtijọ́, gbé jáde ní 2011 lórí àwọn ilé ọ̀rúndún ogún náà tẹnu mọ́ ọn pé kí a lóye ilé kí a tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà wò. Ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, wọ́n kọ ọ́ nítorí àmì ẹ̀yẹ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín dájọ́ ilé tí ẹ kò dé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Òrùlé pẹrẹsẹ ni àìlera àwọn ilé wọ̀nyí, òjò kan ṣoṣo á sì sọ fún yín ohun tí ìwé ogójì ojú-ewé kò ní sọ.

Kọnkéré ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ sún mọ́ ògiri títí imú yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kọnkéré tí wọ́n dà sínú pákó máa ń gba àwòrán pákó náà sára: ẹ ó rí ìlà ara igi, ẹ ó rí ojú kókó igi, ẹ ó rí ibi tí pákó méjì ti pàdé tí omi sìmẹ́ǹtì ti yọ jáde tó sì gbẹ síbẹ̀. Wàyí o, ẹ wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Bí àtúnṣe náà kò bá dára, ẹ kò ní wá a pẹ́: àbùlẹ̀ tó dán bọ̀rọ́, tó mọ́ ju ara ògiri lọ, tó ní igun mẹ́rin bí sìtáǹbù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Bí ó bá dára, àwọ̀ yanrìn inú rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò tóbi jù, kò sì kéré jù, wọ́n sì ti tẹ pákó mọ́ ọn nígbà tó ṣì rọ̀ kí ìlà igi lè bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ara àtijọ́ dé ara tuntun, kí ẹ di ojú yín. Nígbà míì ọwọ́ á ti mọ ààlà kó tó di pé ojú mọ̀ ọ́n. Àbùlẹ̀ tí ojú rí nígbà tí ẹ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó pòórá nígbà tí ẹ sún sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, èmi gbà pé ọwọ́ ọ̀gá ló ṣe é. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì pariwo.

Ojú nìkan kò tó o, nítorí àrùn kọnkéré, inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọnkéré tuntun ní èròjà tó ń dáàbò bo irin inú rẹ̀. Òṣùwọ̀n pH rẹ̀, tó ń fi bí nǹkan ṣe jìnnà sí ásíìdì hàn, máa ń wà láàárín 12 sí 13. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń gba ààbò yẹn kúrò. Ọjọ́ tó bá dé ara irin, tí omi náà sì ráyè wọlé, irin á dógùn-ún. Ìdógùn-ún máa ń gba àyè tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà irin tó jẹ. Òun ló ń ti kọnkéré títí á fi sán, tí á fi já bọ́. Àwọn ilé modernist ni èyí ń bá jà jù, nítorí àwọn tó kọ́ wọn fẹ́ kó tínrín, kọnkéré tó bo irin kò sì nípọn. Ẹni tó bá kàn wá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ihò, àrùn ló fi aṣọ bò.

Ìdánwò kan wà tí kò wọ́n. Wọ́n á fọ́n phenolphthalein, omi ìdánwò kan, sí ojú kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́: ibi tí ààbò ṣì wà á di pupa bí àlùkò, ibi tí ààbò ti tán kò ní yí àwọ̀ padà. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é, iye ibi tó jẹ́, àti bí àbájáde rẹ̀ ṣe yí ètò iṣẹ́ padà. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yẹn ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ẹni tó ṣe ìdánwò tí kò sì yí nǹkan kan padà, ó ṣe é fún ojú ayé ni.

Lẹ́yìn kọnkéré, ẹ dúró síta ní iwájú fèrèsé, kí ẹ wo àwòrán igi tàbí ilé tó wà lẹ́yìn yín nínú gíláàsì. Gíláàsì tí wọ́n ń lò kí ilé-iṣẹ́ Pilkington ní England tó gbé tiwọn tó tẹ́jú jáde ní 1959 máa ń gbọ̀n díẹ̀. Igi inú rẹ̀ á dà bíi pé omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Gíláàsì òde òní tẹ́jú bí ojú dígí, ó ń sọ ògiri tó yẹ kó fúyẹ́ di ohun líle. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí tuntun, ẹ wo fírémù irin náà pẹ̀lú, nítorí gíláàsì onípele méjì wúwo, ó sì máa ń fẹ́ fírémù tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Bí ó ti wù kó kéré tó, sẹ̀ǹtímítà kan tí wọ́n bá fi kún fírémù kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá fi iye fèrèsé inú ilé náà ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ojú ilé ti yí padà nìyẹn. Mo mọ̀ pé òtútù àti owó iná mànàmáná jẹ́ ìdí gidi. Ohun tí mo ń wá ni ẹni tó jìjàkadì pẹ̀lú ìdí náà: tó fi gíláàsì míì sí inú lẹ́yìn ti àtijọ́, tàbí tó yan yàrá tí èèyàn ń gbé, tó sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ti àwọ̀: ẹ má ṣe gba funfun gbọ́ láì béèrè. Àwọn fọ́tò dúdú àti funfun ti àtijọ́ ló mú kí gbogbo ayé rò pé ilé wọ̀nyí funfun. Le Corbusier fúnra rẹ̀ to àwọ̀ 43 jọ ní 1931, ó tún fi 20 kún un ní 1959. Àwọn àgbègbè ilé tí Bruno Taut kọ́ sí Berlin, pupa wà níbẹ̀, búlúù wà, yẹ́lò wà. Olùtúnṣe tó mọṣẹ́ á fi ọ̀bẹ kékeré họ ọ̀dà ní ìpele-ìpele títí dé àkọ́kọ́, á sì fi àbájáde rẹ̀ hàn yín. Bí wọ́n bá ní «a kùn ún ní funfun torí pé modernist ni», ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ohun tó kù

Mo ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè ní ìṣirò: nínú fèrèsé mélòó, mélòó ló jẹ́ ti àtilẹ̀bá? Nínú ilẹ̀kùn, nínú táìlì, nínú ọwọ́ àtẹ̀gùn? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ dáadáa máa ń ní iye náà lórí.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ ni Salk Institute, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní La Jolla, Amẹ́ríkà, iṣẹ́ Louis Kahn tó parí ní 1965. Ògiri fèrèsé onípákó teak 203 ló wà láàárín kọnkéré rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun àti olú tó ń hù lára pákó sọ àwọ̀ wọn di dúdú, kòkòrò náà bá wọn jà, ó sì rọrùn láti sọ pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Getty Conservation Institute àti àwọn ẹnjiníà wá yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ èyí tí fífọ̀ nìkan tó fún, èyí tó fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, àti èyí tí kò ṣeé gbà là mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 2017, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta pákó àtilẹ̀bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìpamọ́ra tí iṣẹ́ yẹn gbà.

Iṣẹ́ mìíràn kì í tilẹ̀ hàn rárá, ẹ sì ní láti wá a kàn. Ní Fallingwater, ilé tí Frank Lloyd Wright gbé sórí ìṣàn omi ní Pennsylvania, àwọn pẹpẹ kọnkéré tó yọ síta ti ń tẹ̀ wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ní 2002 wọ́n ká òkúta ilẹ̀ yàrá ìgbàlejò, wọ́n fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa okùn irin líle sábẹ́ rẹ̀ kí pẹpẹ náà má bàa tún tẹ̀ mọ́, wọ́n sì dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Wọn kò gbìyànjú láti tì í padà sókè kó tẹ́jú. Àlejò tó bá wọlé lónìí kò ní rí nǹkan kan, irú iṣẹ́ yẹn sì ni ìgbìmọ̀ tí kò béèrè máa ń fo kọjá.

Níbi tí wọ́n bá ti ní láti fi tuntun sí i, ìbéèrè méjì tó: ṣé ẹni tó mọ̀ lè yà á sọ́tọ̀ sí ti àtijọ́, ṣé ọmọ ẹ̀yìn sì lè yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú láì ba tàtijọ́ jẹ́? Ilé tí wọ́n tún kọ́ láti ìpìlẹ̀, bíi Barcelona Pavilion ti Mies tí wọ́n tú palẹ̀ ní 1930 tí wọ́n sì tún kọ́ láàárín 1983 sí 1986, ẹ fi í sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Iṣẹ́ tó níyì ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Salk.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ṣé èèyàn ń lò ó?

Hizuchi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìjì líle bà á jẹ́ ní 2004. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ì bá fi ìyẹn ṣe àwáwí, kí wọ́n kọ́ kọnkéré tuntun sí i. Wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fún un lágbára nítorí ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn ọmọdé sì padà sínú kíláàsì. Ilé ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Irú èyí ni kí ẹ fún ní máàkì tó pọ̀ jù.

Nígbà míì iṣẹ́ àtijọ́ kò lè padà wá. Ibùdókọ̀ òfuurufú TWA tí Eero Saarinen yàwòrán rẹ̀ ní New York, tí wọ́n ṣí ní 1962, kò lè gba ọkọ̀ òfuurufú òde òní. Ó di hòtẹ́ẹ̀lì ní 2019. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ béèrè ohun tí ilé náà pàdánù kó lè rí iṣẹ́ tuntun ṣe. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì Preston ní England, tí wọ́n kọ́ ní 1968 sí 1969, ṣì ń gba bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n dín ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì sọ ẹ̀gbẹ́ kejì di gbàgede fún àwọn ará ìlú. Wọ́n pàdánù nǹkan kan níbẹ̀, lóòótọ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n rí gbà níye lórí jù ú lọ, nítorí ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì kò ní láti máa gba abẹ́ ilẹ̀ mọ́. Adájọ́ míì lè má gbà. Ẹ jiyàn lé e, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀.

Ní Addis Ababa, Africa Hall tí Arturo Mezzedimi kọ́, níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, ti padà ṣí ní 2024 lẹ́yìn àtúnṣe. Gíláàsì aláràbarà tí oníṣẹ́ ọnà Afewerk Tekle ṣe, tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150, ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìpàdé sì ṣì ń wáyé níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá àwọn tó jà fún un

Lẹ́yìn ilé tí wọ́n dá sí, àwọn èèyàn kan máa ń wà tí wọ́n kọ lẹ́tà, tí wọ́n lọ sí ìpàdé, tí wọ́n kọ̀ láti dákẹ́. Wọ́n fẹ́ wó Preston. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò gbà, títí ìjọba fi fi í sí ìwé ààbò ní 2013. Ti Viipuri, ìgbìmọ̀ kan ní Finland ló gbé e lérí fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, pẹ̀lú àwọn ará Rọ́ṣíà tó ni ilé náà báyìí, òun ló sì gba ẹ̀bùn Knoll ti 2014. Docomomo tí Hubert-Jan Henket àti Wessel de Jonge dá sílẹ̀ ní 1988 láti dáàbò bo ilé modernist ti di ẹgbẹ́ tó tàn kálẹ̀ ayé. Ẹ̀ka rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń jà fún ilé àti fún àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, yàtọ̀ sí ti àwọn ayàwòrán. Bí àmì ẹ̀yẹ tiyín kò bá ní irú ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a sílẹ̀. Orúkọ àwọn kafíńtà, wẹ́dà àti bíríkìlà náà yẹ kó wà nínú ìwé. Ayàwòrán ilé kọ́ ló fi pákó tẹ kọnkéré tútù yẹn.

Ẹ má sì ṣe bẹ̀rù ilé tí wọ́n ti tún ṣe bà jẹ́ rí. Justus van Effen ní Rotterdam, ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí Michiel Brinkman kọ́ ní 1922, gba àtúnṣe kan ní àwọn ọdún 1980 tó fi ọ̀dà bo bíríkì inú àgbàlá rẹ̀. Àwọn tó tún padà sí i ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé lẹ́yìn náà ṣí ọ̀dà náà kúrò, bíríkì sì tún mí. Àwọn ló gba ẹ̀bùn Knoll ti 2016.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ ìwé ìyìn

Ẹ dúró kí ilé náà la àkókò òjò tàbí òtútù méjì kọjá lẹ́yìn àtúnṣe kí ẹ tó gbà á wọlé fún ìdíje. Nínú ìwé ìyìn, ẹ dárúkọ ìpinnu kan pàtó tí wọ́n ṣe, ibi tó wà lára ilé, àti ohun tó rọrùn jù tí wọn ì bá ti ṣe dípò rẹ̀. «Iṣẹ́ tó dára gan-an» kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. «Wọ́n yẹ fèrèsé 203 wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n kó wọn dànù» á kọ́ ẹni tó ni ilé kejì ní ohun tó lè ṣe ní ọ̀la. Bí ẹ bá rí àléébù nínú iṣẹ́ tó borí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìyìn náà; kò ní bu àmì ẹ̀yẹ kù.

Ẹ mú fọ́tò àbùlẹ̀ kọnkéré tí ẹ fọwọ́ pa yẹn, láti ìtòsí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú rúlà kan náà.